Ohun Tí Ọwọ́ Rẹ Fi Kàn Kẹ́yìn: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Dísítíríbútọ̀ Tí A Yọ Tí A Sì Dá Padà

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wa ọkọ̀ tó dàgbà jù yín lọ, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Ẹ̀yin mẹkáníìkì tó wà láàárín wa, mo kí yín lọ́tọ̀, nítorí mo ti rí i lójú yín pé ẹ ń sọ nínú ara yín pé, "Kí ni eléyìí fẹ́ sọ tí a ò gbọ́ rí?" Ẹ ṣe sùúrù fún mi díẹ̀.

Nǹkan tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí ò tóbi, ọwọ́ kan lè gbé e. Dísítíríbútọ̀ ni, ẹ̀rọ kékeré tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ni nínú wa tí irú èyí ò tíì ṣojú rẹ̀ rí? Ọkọ̀ ń lọ dáadáa. Ẹni tó ni ín ní òun fẹ́ yọ dísítíríbútọ̀ síta, kí òun nù ún, kí òun pààrọ̀ kọ́ńtáàtì inú rẹ̀, kí òun sì fún ọ̀pá rẹ̀ ní ọ́ìlì díẹ̀. Ó yọ ọ́, ó nù ún, ó dá a padà, ó de nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí, ń yí, ń yí, kò gbéra. Tàbí kó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbàù! Iná yọ lẹ́nu kábúrétọ̀. Ọkọ̀ tó gbé e délé lánàá ni o.

Mo mọ ọkùnrin kan tó ní Chevrolet onísílíńdà mẹ́jọ. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ dé bá a. Ó ní epo ni ò wọlé, ó pààrọ̀ pọ́ǹpù epo. Kò gbéra. Ó ní ìdọ̀tí ló wà nínú kábúrétọ̀, ó tú kábúrétọ̀ palẹ̀, ó fọ̀ ọ́. Kò gbéra. Bátìrì wá rẹ̀ ẹ́ nítorí yíyí tó ń yí ẹ́ńjìnnì, ó ní àṣé bátìrì ni, ó ra tuntun. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, irin ẹ́ńjìnnì ti kún ilẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe sí ọkọ̀ yìí kó tó yarí?" Ó ní, "Àbúrò, mi ò ṣe nǹkan kan. Dísítíríbútọ̀ ni mo kàn yọ nù."

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Pọ́ǹpù epo tó ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ kì í kú lọ́sàn-án nítorí pé a yọ dísítíríbútọ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀ o, ayé ò ṣeé fọwọ́ sọ̀yà fún, àmọ́ ẹ má bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbé wá fún yín lónìí nìyí, mo sì máa tún un sọ títí yóò fi sú yín: ohun tí ọwọ́ rẹ fi kàn kẹ́yìn ni kó o kọ́kọ́ wò. Títí o ó fi fi ojú ara rẹ rí i pé ibẹ̀ dára, má ra nǹkan kan, má sì tú nǹkan mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tí a ń bá wí

Charles Kettering ará Amẹ́ríkà ló gbé ètò ìtanná tí à ń sọ yìí kalẹ̀, Cadillac ọdún 1910 sì wà lára ọkọ̀ tó kọ́kọ́ lò ó. Láti ìgbà náà títí wọ inú àwọn ọdún 1970, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ tó ń lo pẹtiróòlù ṣe ń tanná.

Ọ̀pá kan ń yí nínú dísítíríbútọ̀. Igun wà lára ọ̀pá náà, igun yẹn ló ń ti kọ́ńtáàtì ṣí. Nígbà tí kọ́ńtáàtì bá pàdé, iná fóòtì (volt) 12 láti inú bátìrì ń gba inú kọ́ìlì kọjá. Bí kọ́ńtáàtì bá ti ṣí, kọ́ìlì á sọ iná kékeré yẹn di iná ńlá tó lè ju fóòtì 20,000 lọ. Iná ńlá náà á gba àárín ọmọrí wọlé, á bọ́ sórí rótọ̀, ìyẹn apá kékeré tó ń yí lórí ọ̀pá yẹn, rótọ̀ á sì fi í ránṣẹ́ sí ojú wáyà tó kọjú sí, ó di inú púlọ́ọ̀gì. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló ń bí wàhálà tó pọ̀ jù: bí kíránkì, ọ̀pá ńlá tí písítìn ń yí, bá yí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan ni dísítíríbútọ̀ ń yí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni písítìn ń dé òkè téńté nínú ìyípo yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ó ń bọ̀ wá tẹ afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀, iná la fẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì ó ń lé èéfín jáde, a ò fẹ́ iná níbẹ̀ rárá. Àmì orí púlì iwájú ẹ́ńjìnnì kò mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Ìgbà méjèèjì ló máa bọ́ sójú ibi kan náà.

Kí ni ẹ́ńjìnnì ń sọ?

Kẹ́ ẹ tó mú sípánà, ẹ tẹ́tí. Ẹ́ńjìnnì tó ń yí láìwúkọ́, láìtutọ́, láìbú, ó ṣeé ṣe kí iná má sí níbẹ̀ rárá. Ẹ́ńjìnnì tó ń bú láti ẹnu kábúrétọ̀, tó ń yìnbọn nínú sàlẹ́ńsà, tó ń ta padà mọ́ sítátà bí ẹni pé ó fẹ́ já a, iná wà níbẹ̀. Àkókò ni ò bá a mu, tàbí kó jẹ́ pé sílíńdà tí kò yẹ ni iná lọ. Ẹ ò rí i pé kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ ti mọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà? Ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń bú gbàù tó wá ń ra kọ́ìlì tuntun, kí ló ń wá? Iná ló ń bú yẹn náà!

Nígbà tó bá dákẹ́

Ẹ mú gílóòbù kékeré kan tó ní wáyà méjì. Ẹ fi wáyà kan kan irin ara ọkọ̀, ẹ fi èkejì kan ojú kọ́ìlì tó so mọ́ dísítíríbútọ̀. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ẹnì kan máa yí ẹ́ńjìnnì. Gílóòbù gbọ́dọ̀ máa ṣẹ́jú: á tàn nígbà tí kọ́ńtáàtì bá ṣí, á kú nígbà tó bá pàdé.

Bó bá tàn tí kò kú, iná ò rí ọ̀nà wọ ara ọkọ̀ lọ. Kọ́ńtáàtì ò pàdé, tàbí ìdọ̀tí wà lójú rẹ̀. Kọ́ńtáàtì tuntun gan-an máa ń ní nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lójú tí wọ́n fi ń pa á mọ́ kó má baà dípẹtà. Ẹ fi bébà líle tó mọ́ sáàárín rẹ̀, ẹ fà á jáde, ẹ óò rí dúdú lára bébà. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, ẹ wo wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a hun, tó so àwo tí kọ́ńtáàtì jókòó lé mọ́ ara dísítíríbútọ̀. Wáyà yìí máa ń já nínú láìjẹ́ pé a rí i lóde, nítorí gbogbo ìgbà tí fákúùmù, agolo kékeré ẹ̀gbẹ́ dísítíríbútọ̀, bá fa àwo náà ni òun náà ń tẹ̀.

Bí gílóòbù ò bá wá tàn rárá ńkọ́? Ẹ yọ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti inú dísítíríbútọ̀ wá kúrò lójú kọ́ìlì. Bí gílóòbù bá tàn báyìí, a ti mú olè: inú dísítíríbútọ̀ ni iná ti ń sá wọ ara irin. Bí kò bá tàn síbẹ̀, ẹ gbé gílóòbù lọ sí ojú kọ́ìlì kejì, níbi tí iná ti ń ti ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́ bọ̀. Bí òkùnkùn bá wà níbẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ àti wáyà rẹ̀ ni, dísítíríbútọ̀ kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wà níbẹ̀, kọ́ìlì ló já nínú.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí olè yẹn, nítorí òun ni mo máa ń bá lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ wo bóòtù kékeré tí irin títẹ̀ kọ́ńtáàtì, wáyà kọ́ìlì àti wáyà kọ́ńdẹ́ńsà (agolo kékeré tí kì í jẹ́ kí kọ́ńtáàtì tètè jóná) jọ ń pàdé lórí rẹ̀. Wọ́ṣà oníke wà níbẹ̀, nígbà mìíràn ó máa ń ní ọrùn tó wọ inú ihò. Àwọn mẹ́ta tí mo dárúkọ yìí gbọ́dọ̀ máa kan ara wọn, kí wọ́n má sì kan àwo abẹ́ wọn rárá. Ẹni tó bá tò wọ́n pọ̀ kíákíá á fi ojú wáyà kan sí abẹ́ ike dípò òkè rẹ̀. Ó parí nìyẹn! Kọ́ńtáàtì lè máa ṣí, kó máa pàdé bó ṣe wù ú, iná ti gba ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ. Arábìnrin kan wà tó ní Volkswagen Beetle, tí kọ́ńtáàtì tuntun, kọ́ìlì tuntun àti kọ́ńdẹ́ńsà tuntun ò gbé ọkọ̀ rẹ̀ dìde. Wọ́ṣà oníke kan tí kò tóbi ju èékáná ọwọ́ lọ ni wọ́n yí lójú padà.

Kẹ́ ẹ sì tó pa ọmọrí dé, ẹ wò ó bóyá rótọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti rí rótọ̀ lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń bá jà.

Nípa kọ́ńdẹ́ńsà, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Èyí tó ti bàjẹ́ ń mú kí iná púlọ́ọ̀gì di pupa rẹ́súrẹ́sú, kí kọ́ńtáàtì sì jóná kíákíá. Tuntun náà máa ń bàjẹ́ o. Bí ògbólógbòó yín bá ń ṣiṣẹ́ kẹ́ ẹ tó yọ ọ́, ẹ má tíì sọ ọ́ nù.

Nígbà tó bá ń wúkọ́

Ẹ jókòó dáadáa báyìí, torí ibí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí.

Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé písítìn ń dé òkè lẹ́ẹ̀mejì. Báwo la ṣe máa mọ èyí tí a wà? Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì sílíńdà kìíní. Ẹ fi ìka dí ihò rẹ̀. Ẹ fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì láti iwájú, bó ṣe máa ń yí fúnra rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ìka yín, písítìn ń bọ̀ lókè láti tẹ afẹ́fẹ́ pọ̀. Ẹ máa yí i lọ díẹ̀díẹ̀ títí àmì púlì yóò fi bọ́ sójú ibi tí ìwé ọkọ̀ yín sọ. Bí ihò bá jìnnà sọ́wọ́, ẹ ṣí ìdérí fáàfù. Bí fáàfù méjèèjì sílíńdà kìíní bá dì pa, tí apá wọn ń mì díẹ̀ bí ẹ bá fọwọ́ mì í, ibẹ̀ náà nìyẹn. Nínú ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, fáàfù sílíńdà kẹrin á máa pààrọ̀ ara wọn lásìkò yẹn gan-an, ọ̀kan ń pa dé, ọ̀kan ń ṣí.

Ó dáa. Ẹ ṣí ọmọrí dísítíríbútọ̀. Ibo ni rótọ̀ kọjú sí? Bí ó bá kọjú sí wáyà sílíńdà kìíní, ẹ dúpẹ́. Bí ó bá kọ̀yìn sí i pátápátá, a ti rí ohun tó ń bú. Dísítíríbútọ̀ yín wọlé ní ìdajì ìyípo sí ibi tó yẹ kó wà. Ìgbà tí èéfín ń jáde, tí fáàfù tó ń gba epo wọlé ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀, ni iná ń tan. Fáàfù tó ṣí yẹn ni iná ń gbà jáde sí yín lójú láti ẹnu kábúrétọ̀. Ohun tó ṣe ẹ̀gbọ́n wa oníChevrolet nìyẹn. Gbogbo owó tó ná, ìdajì ìyípo ni.

Ọ̀nà méjì ló wà láti tún un ṣe. Ẹ lè fa dísítíríbútọ̀ sókè, kí ẹ yí ọ̀pá rẹ̀ ní ìdajì, kí ẹ dá a padà. Tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ kó gbogbo wáyà orí ọmọrí yí ká ní ìdajì. Èkejì yá, ọkọ̀ á sì lọ dáadáa, kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá máa ṣí ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ mìíràn máa ka ìwé, ìwé á sọ pé apá ibí ni wáyà kìíní wà, á tò wọ́n bí ìwé ṣe wí, ìbọn á tún dún. Kí ló dé tí a ó fi gbẹ́ kòtò sílẹ̀ de ẹlòmíràn?

Ẹ̀yin tí ẹ ní Beetle, tàbí àwọn ọkọ̀ tí ìdí dísítíríbútọ̀ wọn ní eyín tí kò sí ní àárín gbùngbùn, ẹ lè máa sọ pé tiyín ò lè wọlé sódì. Òótọ́ ni, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ńkọ́, èyí tí dísítíríbútọ̀ jókòó lé? Bí ẹnì kan bá ti fa ìyẹn jáde rí, ó lè ti dá a padà sódì. Ti Beetle tiẹ̀ ní àwọn wọ́ṣà pẹlẹbẹ lábẹ́ ọ̀pá yẹn. Ẹni tó bá fà á láìkíyèsí lè ju wọ́ṣà sínú ẹ́ńjìnnì, wàhálà mìíràn nìyẹn. Bí kò bá sí ìdí pàtàkì, ẹ má fọwọ́ kan án. Ojú àmì tí wọ́n fi ayùn fà sí etí dísítíríbútọ̀ Beetle ni rótọ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí nígbà tó bá kan sílíńdà kìíní.

Àwọn mìíràn ò sódì, ṣùgbọ́n wọ́n fi eyín jíà kan ṣìnà. Báwo? Jíà ìdí dísítíríbútọ̀ máa ń gé ní ìdagun. Bí ẹ bá ń tì í wọlé, bẹ́ẹ̀ ni rótọ̀ á máa yí lọ díẹ̀. Ẹni tó bá kọjú rótọ̀ sí ibi tó fẹ́ gẹ́lẹ́ kó tó tì í wọlé, á bá a pé ó ti kọjá ibẹ̀ nígbà tó jókòó tán. Ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn díẹ̀, kó lè yí bọ́ sójú ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Jíà Chevrolet tí mo ń sọ yẹn ní eyín 13. Eyín kan tó bá ṣì jẹ́ bíi dìgírì 28 lára dísítíríbútọ̀, ó sì tó dìgírì 55 lára kíránkì. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré! Bí ẹ bá ń yí ara dísítíríbútọ̀ láti tún táímìnì, ìyẹn àkókò tí iná ń tan, ṣe, tí agolo fákúùmù ti wá gbá irin mìíràn kí ọkọ̀ tó lọ dáadáa, ẹ dúró. Ẹ má gbá irin náà, ẹ má gé e. Ẹ fà á jáde, kí ẹ sún un ní eyín kan.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó le jù níbí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, ìdí dísítíríbútọ̀ kan náà ló ń yí pọ́ǹpù ọ́ìlì. Ẹ ti tì í wọlé, jíà ti bá jíà pàdé, ṣùgbọ́n ó ku bí ìbú ìka kí ó jókòó. Kí la máa ń ṣe? Ẹ sọ òótọ́. À ń mú bóòtù, à ń fi í fà á wálẹ̀! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ẹnu ìdí dísítíríbútọ̀ àti orí ọ̀pá pọ́ǹpù ni kò tíì bá ara wọn dọ́gba. Bí ẹ bá fi bóòtù fà á, ẹ lè fọ́ etí irin tí bóòtù wà, ẹ sì lè ba ọ̀pá pọ́ǹpù jẹ́. Ẹ́ńjìnnì tó bá wá ń ṣiṣẹ́ láìsí ọ́ìlì tó ń gòkè, ẹ mọ ibi tó ń lọ. Ẹ fọwọ́ lé dísítíríbútọ̀ pẹ̀lẹ́, kí ẹnì kan máa fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀. Bó bá dé ibi tó yẹ, ẹ óò gbọ́ ọ, kọ́! Ó ti jókòó. Ẹ tún yí ẹ́ńjìnnì padà wá sójú àmì, ẹ wo rótọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tàbí kí ẹ fi sukuduráfà gígùn yí orí ọ̀pá pọ́ǹpù látinú ihò kẹ́ ẹ tó gbé dísítíríbútọ̀ sí i.

Ṣé àmì púlì náà máa ń parọ́? Ó máa ń parọ́ dáadáa. Ọ̀pọ̀ púlì ẹ́ńjìnnì ńlá ní rọ́bà láàárín irin méjì, àmì sì wà lára irin òde. Rọ́bà tó ti gbó máa ń jẹ́ kí irin òde yọ̀ lọ. Bí gbogbo nǹkan bá péye tí ọkọ̀ ò gbọ́, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan, tí kò lè já sínú, wọ ihò púlọ́ọ̀gì kìíní, kí ẹ máa yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀ títí igi náà yóò fi dé òkè tí kò gòkè mọ́. Ẹ wá wo ibi tí àmì wà.

Wáyà orí ọmọrí

Kí gbogbo èyí dára, kí wáyà má lọ sílé onílé. Sílíńdà ní bí wọ́n ṣe ń tanná tẹ̀lé ara wọn. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì onímẹ́rin jẹ́ 1-3-4-2. Ti Beetle jẹ́ 1-4-3-2. Ti Chevrolet onímẹ́jọ yẹn jẹ́ 1-8-4-3-6-5-7-2. Ọ̀pọ̀ wa mọ nọ́ńbà wọ̀nyí lórí bí orúkọ ọmọ wa. Àmọ́ apá ibo la ó ti máa kà á? Ibẹ̀ ni ìjà wà. Rótọ̀ Beetle àti ti Chevrolet yẹn ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Ti MGB, ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ti Ford onísílíńdà mẹ́jọ ń yí lòdì sí i. Ẹ má fi ti ọkọ̀ àná ṣe ti òní. Ẹ ṣí ọmọrí, ẹ yí ẹ́ńjìnnì, ẹ fi ojú yín rí apá tí rótọ̀ ń lọ.

Mo máa fi àṣírí kékeré kan hàn yín. Bí ẹ bá to wáyà 1-3-4-2 sí apá òdì, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa bàjẹ́. Ẹ kà á padà: 1-2-4-3. Kìíní ṣì wà láyè rẹ̀, ìkẹrin ṣì wà láyè rẹ̀. Ìkejì àti ìkẹta nìkan ló gba ilé ara wọn. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì á máa gbìyànjú, á máa gbọ̀n, á máa yìnbọn, á fẹ́ẹ̀ gbéra, á tún kọ̀. Bí ẹ bá ti rí ẹ́ńjìnnì onímẹ́rin tó ń fi ẹsẹ̀ méjì jó, ẹ lọ wo wáyà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní Chevrolet onímẹ́jọ, sílíńdà karùn-ún àti ìkeje yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì ń tanná tẹ̀lé ara wọn. Ẹ má jẹ́ kí wáyà méjèèjì sùn lé ara wọn, iná ọ̀kan lè fò sí èkejì.

Ọmọrí fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ wo edú kékeré àárín rẹ̀ bóyá ó ṣì ń ta sókè sódò. Ẹ wo inú rẹ̀ bóyá ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láti ojú irin kan sí èkejì. Ọ̀nà tí iná ti ń sá nìyẹn, nínù ò lè mú un kúrò, ẹ ra òmíràn. Bí ẹ bá ṣiyèméjì, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú, ẹ tan ẹ́ńjìnnì nínú òkùnkùn, ẹ óò rí iná tó ń fò.

Ó gbéra, àmọ́ kò fọkàn balẹ̀

Ọkọ̀ ti gbéra, ẹ ti ń jó. Ẹ dúró ná. Àlàfo kọ́ńtáàtì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ̀n, kí táímìnì tó tẹ̀lé e. Ìdí ni pé bí àlàfo bá fẹ̀ sí i, kọ́ńtáàtì á tètè ṣí, táímìnì á sì ti yí padà láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan án. Ti Beetle jẹ́ mìlímítà 0.4. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín fún tiyín, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n nígbà tí igun ọ̀pá bá ti kọ́ńtáàtì dé ibi tó ṣí jù.

Fún táímìnì, gílóòbù tí a lò lẹ́ẹ̀kan tún wúlò. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì sójú àmì, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ tú bóòtù ìdí dísítíríbútọ̀ díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yí i bí rótọ̀ ṣe ń yí títí gílóòbù yóò fi kú, kí ẹ wá máa yí i padà lòdì sí rótọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ibi tó bá ti tàn gan-an ni kẹ́ ẹ dúró. Ìyẹn tó láti gbé ọkọ̀ dìde. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá ní iná táímìnì (tọ́ọ̀ṣì tí a fi ń wo àmì púlì), ẹ yọ rọ́bà fákúùmù, ẹ dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì máa rọra ṣiṣẹ́, ẹ tànmọ́lẹ̀ sí púlì. Bí ẹ bá ń yí ara dísítíríbútọ̀ lòdì sí apá tí rótọ̀ ń lọ, iná á máa yá. Bí ẹ bá yí i tẹ̀lé rótọ̀, iná á máa pẹ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ẹ má yí i bí ẹni ṣí ẹ̀rọ omi.

Iná tó yá jù máa ń ta padà mọ́ sítátà, ẹ óò sì gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń kan gbangba bó bá ń gun òkè. Iná tó pẹ́ jù kì í pariwo: ọkọ̀ á kàn máa wọ́, á máa gbóná, á máa mu epo. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sáré sí i, kí ẹ wo àmì: ó gbọ́dọ̀ máa sún lọ. Bí kò bá sún, irin ìwọ̀n kéékèèké inú dísítíríbútọ̀ tó yẹ kó máa fò síta bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré ti dípẹtà, wọn ò lè fò mọ́. Bí àmì bá ń jó síwá-sẹ́yìn lójú kan, ọ̀pá ti ní àyè púpọ̀ nínú ilé rẹ̀, kò sí táímìnì tó máa dúró.

Bí ẹ bá ti de bóòtù ìdí rẹ̀ tán, ẹ tún tànmọ́lẹ̀ sí i. Dídè yẹn nìkan ń sún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì yọ ọ́

Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì sójú àmì sílíńdà kìíní kẹ́ ẹ tó tú nǹkan kan. Ẹ fi ẹfun fa ibi tí rótọ̀ kọjú sí, ẹ fa ibi tí ara dísítíríbútọ̀ ti bá ẹ́ńjìnnì pàdé, ẹ ya fọ́tò wáyà. Bó bá ń jáde bọ̀, ẹ wo ibi tí rótọ̀ yí dé, ẹ fàmì síbẹ̀ pẹ̀lú. Láti ibẹ̀ lẹ máa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń dá a padà. Lẹ́yìn náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ẹ́ńjìnnì mọ́. Ẹ yọ orí bátìrì.

Mo rí ọwọ́ tó nà sókè lẹ́yìn. Ẹ sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n, mò ń gbọ́.

Wọ́n ní ti àwọn máa ń gbéra bí àwọn bá ń yí kọ́kọ́rọ́, bí àwọn bá sì ti tu kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ báyìí, ó kú. Láti ìgbà tí àwọn ti dá dísítíríbútọ̀ padà sì ni. Ẹ ṣeun. Dísítíríbútọ̀ yín ò ṣẹ̀, ó wà láyè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ní rẹsítọ̀ kan tó ń dín iná kọ́ìlì kù nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Nígbà tí sítátà ń ṣiṣẹ́, tí bátìrì ti rẹlẹ̀, wáyà mìíràn ló ń gbé iná wá tààrà láì gba inú rẹsítọ̀. Bí ẹ bá tu kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ọ̀nà tààrà yẹn pa dé, ọ̀nà rẹsítọ̀ ló kù. Tiyín ti já níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ọwọ́ ló kọ́ wáyà rẹ̀ nígbà tí ẹ ń yọ dísítíríbútọ̀. Ẹ fi gílóòbù wo ojú rẹsítọ̀ méjèèjì nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní ṣíṣí. Kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kẹ́ ẹ fi wáyà so ó kọjá títí láé o, kọ́ńtáàtì yín á jóná, kọ́ìlì á gbóná. Ẹ pààrọ̀ rẹsítọ̀.

Ta ló kàn?